Gàrí, Epìà àti Ẹni Tí Kò Fẹ́ Ẹ̀fọ́: Oúnjẹ Paleo Lẹ́bàá Odò Ọ̀tìn

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà ńlá kan ní Amẹ́ríkà lónìí, tó yà sí apá ibi tí wọ́n pàtẹ oúnjẹ àwọn tó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń jẹ sí, ó ṣeé ṣe kó bá ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ nínú àpò kékeré aláràbarà. Wọ́n á ti kọ ọ́ gàdàgbà sára rẹ̀ pé oúnjẹ paleo ni. Owó àpò kan ṣoṣo á ra gàrí tí tọkọtaya kan á fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ jẹ ní Ìkìrun, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí ní Eko-Ende kò nílò orúkọ òyìnbó kankan kí wọ́n tó mọ ohun tí pákí ń ṣe nínú agbada. Síbẹ̀, ohun tí àwọn kan ń fi dọ́là rà lókè òkun bí àrà tuntun, ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin yìí ló wà.

Paleo kò ju pé kí èèyàn máa jẹ bí àwọn tó gbé ayé nígbà òkúta ṣe jẹ, nígbà tí kò sí irin, tí òkúta ni ọ̀bẹ, tí òkúta náà ni àáké. Walter Voegtlin, dókítà ọmọ Amẹ́ríkà tó ń tọ́jú àrùn inú, ló tẹ ìwé The Stone Age Diet jáde ní 1975, àmọ́ àwọn èèyàn kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, S. Boyd Eaton àti Melvin Konner gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú New England Journal of Medicine, ìwé ìròyìn tí àwọn dókítà gbogbo àgbáyé ń kà, etí àwọn ọ̀mọ̀wé sì dìde. Loren Cordain, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Colorado, ló wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ọjà nígbà tí ìwé tirẹ̀, The Paleo Diet, jáde ní 2002.

Àlàyé wọn rọrùn. Àìmọye ọdún ni ọmọ ènìyàn fi dọdẹ, tó fi pẹja, tó fi ń ká èso, tó ń já ewé, tó ń wa egbò jẹ. Iṣẹ́ àgbẹ̀ kò tíì ju nǹkan bíi 12,000 ọdún lọ, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì kò sì tíì tó 300. Wọ́n ní ara wa kò tíì mọ́ àwọn àlejò wọ̀nyí, òun ló fà á tí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti sísanra jọ̀kọ̀tọ̀ fi ń bá wa jà.

Kí ará Òkukù jókòó dáadáa kó tó gbọ́ ibi tí òfin wọn ti le. Wọ́n ní kí ìrẹsì kúrò lórí tábìlì. Kí àgbàdo kúrò, bẹ́ẹ̀ ni ògì àti ẹ̀kọ lọ nìyẹn. Kí àlìkámà kúrò, búrẹ́dì àti indomie bá a lọ. Ẹ̀wà kò sí, àkàrà kò sí, mọ́ínmọ́ín kò sí, gbẹ̀gìrì kò sí. Ẹ̀pà pàápàá kò gbẹ́yìn, torí pé ẹbí ẹ̀wà ni, kì í ṣe ẹbí àsálà. Mílíìkì àti wàrà kò sí, ṣúgà àti mínírà kò sí. Ohun tó kù ni ẹran, ẹja, ẹyin, ìgbín, ẹ̀fọ́, èso, àgbọn, àsálà, ègúsí, epo pupa, àti omi tútù. Cordain fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn ànàmọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ paleo lónìí ló gba iṣu, ẹ̀gẹ́, ànàmọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láyè. Bí a bá tẹ òfin náà dé góńgó, irú gan-an á fi ọbẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ìdílé kan náà ni igi tó ń so ó àti ẹ̀wà ti wá. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá dé yìí, òfin ló yẹ kó yà fún irú.

Ilẹ̀ Yorùbá ní tirẹ̀ nínú ìtàn ìgbà òkúta. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw walẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì bá egungun ènìyàn kan tó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bíi 13,000 ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú òkúta rẹpẹtẹ tí wọ́n gbẹ́ láti fi gé nǹkan. Ẹni yẹn kò rí gàrí rí. Láti Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ata àti tòmátì ti wá, lẹ́yìn tí àwọn ará Potogí ti ń tu ọkọ̀ ojú omi wá sí etíkun wa. Iṣu ni onílé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí àbùdá iṣu, tó jáde ní 2019, fi hàn pé agbègbè Odò Ọya ni àwọn baba ńlá ti kọ́kọ́ mú iṣu inú igbó wá sínú oko. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jẹ bí baba ńlá rẹ̀ gan-an gan-an, kò ní fi ata sínú ọbẹ̀. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbà bẹ́ẹ̀, kò sì pọn dandan kó gbà á. Àǹfààní tó wà nínú paleo kò sí nínú mímú ayé àtijọ́ padà bọ̀ bí ó ti wà. Ó wà nínú ohun tí ó ń mú kúrò lẹ́nu wa lónìí.

Ẹni tó fi èyí hàn jù ni Staffan Lindeberg, dókítà ọmọ Sweden. Ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1990, ó lọ bá àwọn ará erékùṣù Kitava ní Papua New Guinea, ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó yẹ ọkàn wọn wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹnì kan tó ní àrùn ọkàn tàbí rọpá-rọsẹ̀ láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wọn ló ń mu tábà. Kí ni wọ́n ń jẹ? Iṣu, ànàmọ́, kókò, èso, ẹja àti àgbọn. Ìrẹsì, búrẹ́dì, ṣúgà àti òróró inú agolo kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ wo oúnjẹ yẹn dáadáa: yàtọ̀ sí àgbọn tó pọ̀ níbẹ̀, kò sí èyí tí wọn kì í gbé wá sọ́jà Inísà. Iṣẹ́ ara tí wọ́n ń ṣe náà kó ipa tirẹ̀, torí pé ẹni tó ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ kò lè gbé òkìtì iyán tí alágbàṣe oko ń gbé.

Ó sì yẹ kí a sọ òdìkejì. Ní yunifásítì Umeå ní Sweden, wọ́n kó àwọn obìnrin 70 jọ, àwọn tó ti kọjá ìgbà nǹkan oṣù tí wọ́n sì sanra púpọ̀. Wọ́n fún apá kan ní paleo, wọ́n fún apá kejì ní oúnjẹ tí ìjọba ilẹ̀ wọn fọwọ́ sí. Èsì jáde ní 2014. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó jẹ paleo fọn ju àwọn yòókù lọ. Nígbà tó fi di ọdún méjì, ìyàtọ̀ ìwọ̀n ara wọn kò tó nǹkan mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣi ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó jẹ paleo ṣì kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Oúnjẹ tó ṣòroó tẹ̀ lé máa ń sú èèyàn, ohun tó bá sì súni, a ó padà lẹ́yìn rẹ̀ ni.

Ìdí nìyí tí ibi téèyàn ń gbé fi ṣe pàtàkì. Eko-Ende, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, ni wọ́n ti sé Odò Ọ̀tìn, tí wọ́n fi ṣe ìdídò ńlá tó yẹ kó máa fún Ìkìrun, Inísà, Òkukù àti àwọn ìlú tó yí wọn ká lómi. Omi yẹn tún di ilé ẹja. Epìà àti àrọ̀ ni àwọn apẹja ń kó jáde jù. Ẹja tútù láti inú odò sínú ìkòkò lọ́jọ́ kan náà, èyí ni ohun tí àwọn onípaleo ní London ń wá tí wọn kò rí. Ní àkùrọ̀ tó wà lẹ́bàá odò àti àwọn ìṣàn kéékèèké, ẹ̀fọ́ ń hù kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Iṣu ń bẹ. Ànàmọ́ tí ará Ọ̀fà fi lókìkí kò jìnnà, ojú ọ̀nà réluwé kan náà ni Ìkìrun, Òkukù àti Ọ̀fà wà.

Owó wá ńkọ́? Fún oṣù Kẹfà ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò fún Nàìjíríà sọ pé iye tí oúnjẹ fi gbówó lórí láàárín ọdún kan jẹ́ ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní kí èèyàn máa jẹ ẹran màlúù lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kò mọ ohun tó ń sọ. Paleo mẹ̀kúnnù kì í ṣe ti ẹran. Ẹja ṣáwá ni, tó lọ́ràá tó dára fún ọkàn, tí egungun rẹ̀ sì rọ̀ tó láti rún mọ́ ẹran rẹ̀ bí a bá sè é pẹ́. Egungun yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tó ti fi mílíìkì sílẹ̀, torí òun ló máa fún eyín àti eegun rẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹyin ni, tí ẹyọ kan ní tó gíráàmù mẹ́fà nínú èròjà tó ń mú ara dàgbà. Ẹ̀dọ̀ ni, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbín nígbà òjò. Pọ̀nmọ́ kò burú, ṣùgbọ́n ó kún ẹnu ju bó ṣe ń ṣe ara lóore lọ. Ẹni tó ní owó díẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ra pọ̀nmọ́ kó wá pè é ní ẹran.

Orí ẹ̀wà ni aáwọ̀ wà. Nílùú tí ẹ̀wà ti jẹ́ ẹran tálákà, ẹni tó ní kí ìyá ọlọ́mọ márùn-ún dá ẹ̀wà dúró ń pè é sínú gbèsè. Ìdí tí Cordain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ ẹ̀wà ni pé èròjà kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà dáadáa. Ṣùgbọ́n rírẹ ẹ̀wà sómi, bíbó èèpo rẹ̀ àti sísè é jinná ń dín púpọ̀ nínú èròjà yẹn kù, gbogbo rẹ̀ sì ni alákàrà àti onímọ́ínmọ́ín ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Èrò òǹkọ̀wé yìí kò fara pamọ́: kí ará Odò-Ọ̀tìn gba ohun gbogbo tó kù nínú paleo, kó sì jẹ ẹ̀wà rẹ̀. Cordain àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè bínú bí wọ́n bá fẹ́.

Ó wá ku ẹni tí kò fẹ́ ẹ̀fọ́.

Wọ́n pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Àgbàlagbà á jókòó ti àmàlà, á máa fi ìka yọ ewé kúrò nínú ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, á ní òun kì í ṣe ewúrẹ́. Tí irú wọn bá gbọ́ pé paleo fẹ́ kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú oúnjẹ, wọ́n á ní ó ti tán. Kì í sì í ṣe àṣejù tàbí ìkẹ́ra nìkan ló ń fà á. Ní 1931, Arthur Fox, onímọ̀ kẹ́míkà ní ilé iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, ń da eruku kan sínú ìgò, eruku náà sì fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pariwo pé ó korò lẹ́nu òun. Fox kò mọ̀ ọ́n lẹ́nu rárá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé àbínibí ni: ahọ́n ẹlòmíràn ń gbọ́ ìkorò tí ti ẹnì kejì kò gbọ́. Àwọn ọmọdé sì máa ń gbọ́ ọ ju àgbà lọ. Kí a tó na ọmọ nítorí ewúro, ó yẹ ká rántí èyí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe ni kó mọ ohun tí òun ń sá fún. Ìkorò ni, àbí òórùn, àbí yíyọ̀, àbí rírún ewé lẹ́nu? Ẹni tó ń sá fún ìkorò kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ewúro àti yánrin. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti úgwú kì í korò. Ẹni tí òórùn ẹ̀bọ̀lọ̀ ń lé, kó fi ẹ̀bọ̀lọ̀ fún àwọn tó fẹ́ ẹ. Ẹni tí kò fẹ́ ohun tó ń yọ̀, kó yẹra fún ilá, ewédú àti amúnútutù, kó se ṣọkọ kó gbẹ dáadáa. Ti ẹlòmíràn sì dà bí òdìkejì èyí: ewé tí wọ́n ń rún lẹ́nu ni kò fẹ́, kì í ṣe adùn rẹ̀. Ewédú ni ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, torí pé ìjábẹ̀ ti rún un tán, kò sí ewé kankan tó máa kò lẹ́nu. Kí wọ́n rọra fi káún sí i ṣá, káún máa ń ba àwọn fítámì kan jẹ́.

Ẹ̀fọ́ méjì tàbí mẹ́ta téèyàn lè jẹ láìrojú tó. Kò pọn dandan kó fẹ́ràn gbogbo rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kí àgbà máa jẹ ó kéré tán gíráàmù 400 ẹ̀fọ́ àti èso lóòjọ́, iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò sì sí nínú ìṣirò yẹn. Àmọ́ ata, tàtàṣé, tòmátì àti àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń bura pé òun kì í jẹ ẹ̀fọ́ ti ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ nínú ọbẹ̀ ata. Ohun tó kù ni kí ọbẹ̀ náà ki, kó má jẹ́ omi pupa lásán, kí wọ́n lọ kárọ́ọ̀tì, ìkàn tàbí elégédé sísè mọ́ ata náà. Wọ́n á rí i pé ọbẹ̀ dùn, wọn kò ní mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Èso ń gbé ìyókù: ìbẹ́pẹ, ọsàn, máńgòrò àti àgbálùmọ̀ nígbà tiwọn. Ìbẹ́pẹ àti máńgòrò ní irú èròjà aláwọ̀ ọsàn tí ara ń sọ di fítámì A, epo pupa náà sì kún fún un.

Ègúsí ni àwọn ìyá wa fi ń tan ẹni tí kò fẹ́ ẹ̀fọ́. Bí ègúsí bá ti dì mọ́ra, tí irú àti edé wà níbẹ̀, ewé gbúre tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ máa fi kún un. Àwọn tó ṣe ìwádìí lórí bí ọmọdé ṣe ń mọ oúnjẹ rí i pé ọmọ lè nílò láti tọ́ ohun kan wò nígbà mẹ́jọ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó gbà á, bẹ́ẹ̀ ìgbà díẹ̀ péré ni ọ̀pọ̀ òbí ń gbìyànjú kó tó sú wọn. Fífi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ewúro ń gbé ìkorò lọ, ṣùgbọ́n ó ń gbé díẹ̀ nínú oore rẹ̀ lọ pẹ̀lú. Fọ̀ ọ́ mọ níwọ̀n tó lè wọlé lẹ́nu rẹ, má fọ̀ ọ́ títí á fi dà bí bébà.

Àwọn ewé ìbílẹ̀ yìí kì í ṣe ohun ìtìjú. Láti 2011, Yunifásítì Obáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bá àwọn yunifásítì kan ní Kánádà ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ẹ̀fọ́ tí a ti ń gbàgbé, wọ́n sì kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí wọ́n ṣe lè gbìn ín tà. Ẹni tó bá ní ààyè kékeré lẹ́yìn ilé lè gbin tẹ̀tẹ̀: láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó ti tó o já. Ilá tó pọ̀ lásìkò òjò ṣeé sá, kó di orúnlá fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí owó ẹ̀fọ́ tútù bá ga.

Ọjọ́ kan nínú irú oúnjẹ yìí kò ṣòroó ṣètò. Iṣu sísè àti ẹyin tí wọ́n fi tòmátì àti àlùbọ́sà dín ní àárọ̀, dípò búrẹ́dì àti tíì aládùn. Ọ̀sán, ẹ̀bà tàbí àmàlà iṣu tí kò pọ̀ jù, pẹ̀lú ègúsí àti ṣáwá. Bí ebi bá pani láàárín, àgbọn, àsálà tàbí ọsàn. Alẹ́, bọ̀ọ̀lì àti epìà tí wọ́n fi ata sè. Omi ni kí wọ́n fi sìn ín. Ẹni tó bá dá mínírà, búrẹ́dì àti indomie dúró nìkan, tí kò ṣe ohun mìíràn kún un, ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú àǹfààní paleo gbà, owó sì tún kù sápò.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ kò ní pa oúnjẹ yìí lára. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ rò pé torí gàrí jẹ́ egbò, ó lè jẹ òkìtì ẹ̀bà; gàrí ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ga. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ fi ẹran àti ẹja kún oúnjẹ rẹ̀ láìbi dókítà rẹ̀. Gàrí tí wọn kò jẹ́ kó kan dáadáa kó tó dé inú agbada lè ní májèlé ẹ̀gẹ́ nínú. Ẹja tí apẹja fi oògùn kòkòrò pa nínú odò kì í ṣe ẹja jíjẹ, ẹ bi ẹni tó ń tà á bó ṣe mú un. Ẹran ìgbẹ́ tó ti kú kí ọdẹ tó bá a, ẹ má rà á, pàápàá èkúté ilé àti ti oko, tí ibà Lassa ń bá wọn rìn.

Àwọn tó mọ agbègbè yìí á béèrè ohun kan tí ìwé Amẹ́ríkà kò ronú kàn: ọjọ́ Sátidé ńkọ́? Ìsìnkú wà ní Inísà, ìkómọ wà ní Ìkìrun, ìgbéyàwó ń bẹ ní Òkukù, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sì ni wọ́n máa gbé kalẹ̀, mọ́ínmọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Cordain kò burú tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, ó fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láyè ìjẹun mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó lè jẹ́ ohun tó wù ú. Ìjẹun mẹ́ta sì tó fún ọjọ́ Sátidé kan, bí ẹni náà kò bá ní kí wọ́n di ìrẹsì fún òun lọ sílé.